Òǹtẹ̀ Kan, Àádọ́ta Àwòrán

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ ní ìpàdé oṣù ti ẹ̀ka Wuse)

 

Kì í ṣe pé mo mọ ọ̀rọ̀ sọ ni Akọ̀wé ṣe pè mí síwájú lónìí. Ẹjọ́ oṣù tó kọjá ni ó fà á. Nítorí àwọn tí kò sí níjòókòó lọ́jọ́ náà, n ó tún un sọ ní ṣókí. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ra àwòrán kan, àwòrán eégún mẹ́ta tí ń bọ̀ lọ́nà, lórí bébà funfun tó nípọn. Owó tí ó fi rà á tó owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kan fún sáà kan. Ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ó ń fi hàn. Kò pẹ́, bàbá lọ síbi ìkómọ kan ní Kubwa, ó sì bá àwòrán yìí kan náà lára ògiri onílé: eégún mẹ́ta, ọ̀nà kan náà, àwọ̀ kan náà. Oúnjẹ ìkómọ kò gba ọ̀nà ọ̀fun bàbá mọ́. Ó dìde níhìn-ín, ó ní wọ́n ti lu òun ní jìbìtì, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, òun sì ń wá ọ̀dọ́ mẹ́rin tí yóò bá òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ọ̀dọ́ tó dìde ju mẹ́rin lọ.

Èmi ni mo nawọ́, tí mo ní bóyá wọn kò rẹ́ bàbá jẹ. Ẹ rántí ariwo tí ilé pa lé mi lórí. Alága ní kí n lọ kó ẹ̀rí mi jọ, kí n wá sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti kó o dé.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Férémù ni mo ń kàn ní Wuse yìí. N kò mọ àwòrán yà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kan férémù a máa rí ẹ̀yìn àwòrán, nígbà tí onílé kì í rí ju iwájú rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Akọ̀wé wa ń tẹ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sára lẹ́tà. Babaláwo ń tẹ Ifá sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n. A sì ń tẹ ìwé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ni ó tẹ ohun kan, tí àmì rẹ̀ fi kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tí Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, ẹ̀dà púpọ̀ ni ó jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní Aké kò lè bínú pé òun rí ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ìkìjà. Kò sí ayédèrú nínú wọn, nítorí abẹ́ ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn ti jáde wá.

Àwọn aládìrẹ ti mọ èyí tipẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi ìyẹ́ yà, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta àwọn ọkùnrin a máa gé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí ó wà nínú àpótí tíì láyé àtijọ́. Wọn a gé ẹyẹ, ewé àti lẹ́tà sí i lára. A ó gbé e lé aṣọ, a ó fi ẹ̀kọ láfún pa á lórí, a ó ká páànù kúrò, a ó sì rẹ aṣọ sínú aró èlú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í mú un. Ní 1935, nígbà tí ọba òyìnbó George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́, wọ́n ya ọba àti ayaba rẹ̀ sí ara àdìrẹ, aṣọ náà sì di Olóba. N kò tí ì gbọ́ pé ìyá kan fa ìró rẹ̀ ya nítorí pé ó pàdé ẹlòmíràn nínú Olóba lọ́jà.

Àwòrán àtẹ̀ ti àwọn ayàwòrán, ọ̀nà yìí ni ó ń tọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni ti líno, ohun tó dà bíi rọ́bà tí a máa ń tẹ́ sílẹ̀ ilé. Ayàwòrán a fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gbẹ́ ibi tí kò fẹ́ kó dúdú kúrò, a fi tàdáwà pa ibi tó kù, a gbé bébà lé e, a sì tẹ̀ ẹ́. Ti páànù síńkì tàbí ti bàbà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ó fi ìda bo páànù náà, a ó fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sára ìda, a ó sì rì í sínú ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣí ni ásíìdì yóò jẹ, yóò kọ ọ́ ní ilà bí olóòlà ṣe ń kọlà sí ojú ọmọ. A ó wá ti tàdáwà bọ inú ilà wọ̀nyí, a ó nu ojú páànù mọ́, a ó tẹ́ bébà tútù lé e, ẹ̀rọ onírin wúwo yóò sì yí lórí rẹ̀. Òdìkejì ni ohun gbogbo máa ń jáde, ọ̀tún a di òsì. Ẹni tó bá kọ orúkọ rẹ̀ tààrà sára páànù yóò bá a ní ìdàkejì lórí bébà.

Ìgbàkígbà tí yóò bá tún un tẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tún fi tàdáwà pa á, kí ó sì tún nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pinnu pé àádọ́ta ni òun yóò tẹ̀, a fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sísàlẹ̀, 1/50, 2/50, títí dé 50/50, a sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, àṣà àwọn atẹ̀wòrán ni láti fi irin ha ojú páànù náà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi tẹ òmíràn. Ti bàbá wa, 7/50 ni wọ́n kọ sí i. Ìkeje nínú àádọ́ta ni. Nọ́ńbà tí bàbá nà síwa níhìn-ín bí ẹ̀rí jìbìtì, òun gan-an ni ayàwòrán fi sọ òtítọ́ fún un, pé ènìyàn mọ́kàndínláàádọ́ta mìíràn ni yóò ní irú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ni kò ṣàlàyé.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi níhìn-ín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan gbé àwòrán irú èyí wá, pẹ̀lú férémù kan tó ti wà nílé rẹ̀. Férémù kéré, bébà tóbi. Mo rí ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sísàlẹ̀, mo rò pé ọmọdé ni ó fi ṣeré. Mo fi ọ̀bẹ gé e kúrò gbọọrọ, mo sì gbá a dànù pẹ̀lú èérún igi. Oníbàárà yìn mí, ó san owó mi pé. Bí ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ tà á, ẹni tó fẹ́ rà á sì bèèrè nọ́ńbà àti ìfọwọ́sí. Ẹ má bi mí ní ohun tí a bá ara wa sọ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè, tí mo sì ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa iṣẹ́ yìí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ àwòrán àtẹ̀ ti gbóná. Ní 1962 ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ kì í ṣe ọmọ kọ́lẹ́jì. Òṣèré ni Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀, kí wọ́n tó di ẹni tó ń kun àwòrán, tó sì ń gbẹ́ líno. Lẹ́yìn wọn ni Ru van Rossem, ará ilẹ̀ Họ́láǹdì, wá kọ́ni ní ti páànù àti ásíìdì. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọ ni Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven. Ẹ̀yin ará Ọ̀kun tí ẹ jókòó síbí, ẹ gbé àyà sókè: Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ni a ti bí i, nínú Agbègbè Àríwá ayé ọjọ́un. Oníjó ni ó jẹ́ nígbà tó dé Mbárí Mbáyọ̀ ní 1964. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì fi ilà tín-ín-rín kún ojú páànù láìfi àyè sílẹ̀, iwin lórí iwin. UNESCO fi í ṣe Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005. Ó kú ní 2011.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yí iṣẹ́ yìí padà jù lọ kì í ṣe Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a fún ẹlẹ́tọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Urhobo ni Bruce Onobrakpeya, a bí i ní Agbarha-Otor ní 1932. Òkè ọya níbí ni ó ti kàwé, ní kọ́lẹ́jì Zaria, níbi tí òun, Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo ọmọ wa, àti àwọn mìíràn ti kó ẹgbẹ́ jọ ní 1958, tí wọ́n ní àwọn kò ní máa yàwòrán bí òyìnbó nìkan. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní St Gregory's College ní Èkó, ó sì wà nínú àwọn tó kọ́ ti páànù lọ́dọ̀ van Rossem.

Ní 1967, jàǹbá ṣe é lẹ́nu iṣẹ́. Hydrochloric acid ni ó lò sí páànù kan. Ó jẹ páànù náà ju bó ti yẹ lọ, ó bà á jẹ́. Ẹlòmíràn ì bá sọ ọ́ nù, bí èmi ti gbá nọ́ńbà oníbàárà mi dànù. Òun kò sọ ọ́ nù. Ó fi gọ́ọ̀mù líle tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó jáde ju àwòrán pẹlẹbẹ lọ: bébà wọ inú kòtò páànù, ó sì gun orí gegele rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí afọ́jú lè fi ọwọ́ kà á. Ó sọ ọ̀nà náà ní plastograph, ó sì ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn jàǹbá yìí.

Kò dúró níbẹ̀. Ẹ rántí àṣà tí mo sọ, pé bí a bá tẹ̀wé tán kí a ha ojú páànù. Onobrakpeya mú páànù tí ó ti lò, ó fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà bò ó, ó tẹ irin náà mọ́ gbogbo kòtò àti gegele rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mìíràn. Òǹtẹ̀ tí òfin ní kí a pa, òun sọ ọ́ di àwòrán. N kò mọ bí yóò ti rí létí yín. Ní tèmi tí mo ti ń kan férémù láti ọjọ́ yìí wá, ibẹ̀ ni mo ti gbà pé àwòrán àtẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá fọ́tò. Ṣáájú ìgbà náà, ojú tálákà àwòrán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó, ohun tí ẹni tí kò lówó àwòrán olóròóró yóò rà, tàbí ohun tí a ó fi sínú ìwé ìtàn.

Bẹ́ẹ̀ ni inú ìwé ìtàn náà kò kéré. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ọmọ Urhobo yìí ni ó ya Àkàrà-ògùn àti àwọn iwin inú rẹ̀. Ní àkókò kan náà ni ó ya ìrìn Jésù lọ sí orí àgbélébùú fún ìjọ Àgùdà ti St Paul ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, tí ó sì tún gbẹ́ gbogbo rẹ̀, ibùdó mẹ́rìnlá, sí líno ní 1969. Aṣọ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wọ̀, ọnà àdìrẹ ni. Ní 2024, àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí wà lórí àfihàn ní Smithsonian ní Washington. Ọnà tí ìyá wa fi ẹ̀kọ yà ní ẹ̀yìnkùlé, ó gba orí líno dé Amẹ́ríkà.

Láti 1998 ni ó ti ṣí ibi ẹ̀kọ́ kan ní Agbarha-Otor, tí a ń pè ní Harmattan Workshop, níbi tí àwọn ayàwòrán ti ń péjọ kọ́ ara wọn níṣẹ́. Mo mọ̀ pé òbí kan wà nínú ilé yìí tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán, tí a ní kó lọ ka ìṣirò owó. N kò dá sí i. Mo kàn ní ibẹ̀ wà.

Àwọn tó dé lẹ́yìn tún ti gba ibòmíràn yọ. Njideka Akunyili Crosby, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Enugu, tó ń gbé Los Angeles, a máa kó fọ́tò ẹbí, fọ́tò inú ìwé ìròyìn, àti aṣọ tí a tẹ àwòrán olóyè sí, irú èyí tí a ń dá fún òkú àgbà. A fi oògùn pa ẹ̀yìn fọ́tò tí a tẹ̀ sí bébà, a sì fi ọwọ́ rìn ín títí tàdáwà rẹ̀ yóò fi ṣí lọ sára bébà tí ó ń ya àwòrán sí. Àtẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo. Kò sí 7/50 níbẹ̀ rárá. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí a bí ní London ní 1962, tó dàgbà ní Èkó, a máa gbẹ́ igi tẹ àwòrán, a sì lẹ àǹkárá mọ́ ọn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ lo àǹkárá ni. Aṣọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wá, àwọn ará Họ́láǹdì ni wọ́n kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ lára bátíìkì Java, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì gbé e wá tà fún wa. Láti 1846 ni ilé-iṣẹ́ Vlisco ti wà ní Helmond. N kò ní purọ́ fún yín, ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ tuntun wọ̀nyí kò tí ì yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Shonibare yé mi, nítorí pé a ń bá a fà á lọ́jà báyìí.

Ẹ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Àwọn aládìrẹ ń sunkún pé wọ́n ń kó ọnà àdìrẹ lọ sí Ṣáínà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń kó o padà wá tà ní owó pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ayédèrú gan-an wà. Kì í ṣe pé aṣọ méjì jọra ni ó burú. Ohun tó burú ni pé ọwọ́ ẹni tó ni òǹtẹ̀ kò sí níbẹ̀, owó kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ń fi fóònù ya àwòrán àtẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń tẹ bánà, wọ́n sì ń fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà irọ́ sí i. Ayàwòrán tí ó lo kọ̀ǹpútà tí ó sì sọ bẹ́ẹ̀, èmi kò bá a jà. Ẹni tó fi pamọ́ ni olè.

Bí ẹ ó ti mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ yọ ọ́ nínú gíláàsì. Bí ó bá jẹ́ ti páànù, etí páànù máa ń tẹ ilà mọ́ bébà yíká àwòrán, ìka yín yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà; bí a bá tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀, ẹ̀yìn bébà yóò wú. Lẹ́yìn náà ẹ fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Tàdáwà ti ọwọ́ máa ń dúró gbàgbà. Ti kọ̀ǹpútà a máa wọ́n bí ìrì, ẹ ó rí i ní tótòtó. Pẹ́ńsùlù náà, ẹ rọra gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ti gidi a máa dán.

Mo ti ṣe gbogbo èyí fún ti bàbá wa. Mo tú férémù náà, ilà páànù wà, ẹ̀yìn bébà wú, ìfọwọ́sí jẹ́ ti pẹ́ńsùlù. Ojúlówó ni. Àwọn ọ̀dọ́ lè jókòó.

Ṣùgbọ́n bàbá kò gbà títí mo fi bá a lọ sí Kubwa. A ní a wá kí ìyá ìkókó. Bí wọ́n ti ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò bọ̀, mo ní n ó wo ìṣó férémù onílé bóyá ó ti ń tú, mo sì yọ awò mi. Tótòtó ni mo rí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ilà páànù. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, 7/50 náà ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán. Ó hàn pé ara ti bàbá wa gan-an ni wọ́n ti yà á, kí ó tó rà á.

Onílé náà fi ayọ̀ gbà wá, ó sọ iye tó rà á fún wa, ó ju ti bàbá lọ. Bàbá wò mí, mo wo ilẹ̀. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀, ó bi mí bóyá ó yẹ kí òun sọ fún un. Mo ní ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ férémù. Mo gbé e ka iwájú yín, Alága, mo sì bẹ Akọ̀wé kí ó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ẹgbẹ́ títí ìpàdé yóò fi sọ ohun tí a ó ṣe.

Àwòrán mẹ́ta ni mo gbé wá sínú àpò yìí. Méjì jẹ́ àtẹ̀ gidi, ọ̀kan ti inú kọ̀ǹpútà jáde. N kò ní sọ èwo ni èwo. Awò mi nìyí, ẹ gbé e yí ká. Ẹni tó bá ti jẹ nínú mọ́ín-mọ́ín tí àwọn ìyá wa gbé wá, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ nu ọwọ́.